Ọkọ̀ tí Dèjì Fi Sílẹ̀ Nígbà Yìnyín

Ẹtì, 5 Oṣù Kejìlá

Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lónìí. Kò pọ̀ rárá, àfi bí ẹni wọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti dójú tì mí. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilé wa wà, òkè nìkan la sì lè gbà jáde sí títì. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ iná, ọkọ̀ gùn ún dé ìdajì, ló bá dúró. Táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ó ń ké. Mo tún tẹ iná sí i. Ìdí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, àfi gbàà! Àpótí lẹ́tà ará ilé kejì ni mo wó lulẹ̀.

Ojú fèrèsé ni Màmá, ìyá ọkọ mi, wà, ó rí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé láti pe ọsibítù pé mo máa pẹ́, ó ní, "Ọkọ̀ náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó ni òun ló jókòó sínú òun."

Mo ní, "Ẹ kúulé, Màmá."

Ẹni tó ni ín ńkọ́? Láti ọ̀sẹ̀ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí a jẹ tòlótòló, ni ọkọ mi Dèjì ti kó lọ bá Yétúndé àlè rẹ̀ ní Langley Park. Ó gbé jíìpù lọ, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà. Ó fi ọkọ̀ dúdú pẹlẹbẹ tó rà nígbà tó pé àádọ́ta ọdún sílẹ̀ fún mi, èyí tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, tí tiwájú kàn ń júwe ọ̀nà. Ó sì fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àtẹ̀gùn ibi tí òun kó lọ ti pọ̀ jù fún arúgbó tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyáàfin Oyèwálé, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ bi mí bóyá mo nílò ẹni tí yóò máa bá mi gbé Màmá lọ gba ìtọ́jú. Ó ní, "Rìnsọ́lá, ìwọ náà rò ó wò. Obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní gbogbo ìgbà, ta ló fẹ́ kó máa bá ọkọ òun jẹun?" Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń tu ọmọ nínú.

Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Òtútù mú, kò sí yìnyín. Mo gbé Màmá lọ sí Upper Marlboro níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta, kò sí ìsinmi. Nígbà tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tán, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo pe Dèjì, mo fi orúkọ ọmọ wa tó ti kúrò nílé kí i.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tijésù, mi ò ní kí ẹ padà wálé. Ẹ kàn jẹ́ ká pààrọ̀ ọkọ̀ títí yìnyín á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Torí Màmá ni."

"Yétúndé ló ń gbé jíìpù lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù yìnyín ń bà á."

"Èmi ńkọ́? Ẹ̀rù ò lè bà mí ni?"

"Ìwọ kọ́ lo máa ń sọ pé o lè dá gbogbo nǹkan ṣe? Ọkọ̀ tó dáa ni mo fi sílẹ̀ fún ẹ. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́."

Mo ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá tẹlifíṣọ̀n ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kejìlá

Mo ròyìn ọkọ̀ náà fún Anna ní wọ́ọ̀dù wa. Òun ló dàgbà jù nínú àwa nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ̀bá Buffalo ni wọ́n sì bí i sí, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀kùn ilé. Kò bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí n ra táyà ìgbà òtútù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe méjì. Ó ní kí n di ẹrù tó wúwo sínú búùtù, gan-an lórí táyà ẹ̀yìn, torí pé iwájú ni gbogbo ìwúwo ọkọ̀ náà wà, ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ kò rí nǹkan kan fi tẹlẹ̀. Ó ní èyí tó ṣòro jù ni ẹsẹ̀ mi. "O máa ń tẹ iná bí ẹni tó ń bínú," ó ní. "Yìnyín ò ní gbà fún ẹ."

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé kí ló dé tí mi ò gbé ìyá yẹn lọ já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀.

Mo ní mo ti rí bí ẹni tí wọn ò fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń kú. Omi ló ń kún àyà wọn. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń rì. Mo mọ Dèjì. Ó máa gbàgbé Ọjọ́bọ̀ kan, ó máa gbàgbé Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Anna kọ orúkọ táyà náà sí bébà fún mi.

Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kejìlá

Mo ra àpò iyanrìn, mo tò wọ́n sínú búùtù, mo fi okùn dì wọ́n mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà fò sí wa lórí tí mo bá tẹ bíréèkì. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo tún ra ṣọ́bìrì, àti iyanrìn tí wọ́n ń dà sílẹ̀ fún ológbò láti yàgbẹ́ sí. Anna ní kò sí ohun tó dára tó o lábẹ́ táyà tó bá há.

Màmá rí àwòrán ológbò lára àpò náà. Ó ní, "Ọmọ kan ṣoṣo lo bí fún ọmọ mi, ológbò lo wá fẹ́ máa tọ́ báyìí?"

Mo fi í sínú ọkọ̀, mo de bẹ́líìtì rẹ̀.

Ẹtì, 19 Oṣù Kejìlá

Ọwọ́n gógó ni táyà. Mo ta ẹ̀gbà ọrùn tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó, mo wá ibi tí táyà ti dínwó jù, ibẹ̀ sì bọ́ sí Langley Park. Abdulqoyyum, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin tó ń ta táyà níbẹ̀, ní, "Àǹtí, méjì ẹ̀yìn ti tó yín o. Ẹ má fowó ṣòfò."

Mo ní, "Tí ẹ̀yìn bá di ilẹ̀ mú, tí iwájú ń yọ̀, ta ló máa bá mi yà ní kọ́nà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé mẹ́rin wá.

Bí mo ṣe ń dúró dè é ni mo rí jíìpù wa. Yétúndé ló wà á, ó fẹ́ wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó wà lódìkejì. Títì gbẹ fúrúfúrú, oòrùn ràn. Ó gbé ọkọ̀ sí i, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó lọ. Kò rí mi. Aṣọ òtútù tí mo rà fún Dèjì ní ọdún tó kọjá ló wọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kejìlá

Dèjì fi fídíò ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Màmá mú fóònù wá bá mi ní kíṣìnì kí n wò ó. "Wò ó, ọmọ mi ti sanra," ó ní. "Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀."

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kìíní

Yìnyín bọ́ mọ́jú. Mo jí ṣáájú kí wọ́n tó wá kó o kúrò lójú ọ̀nà, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí pé ó fẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun. Mo fẹ́ kó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí kò ti lè pa èèyàn.

Ó yọ̀ lóòótọ́. Mo yí sítíárìn, mo tẹ iná, ìdí ọkọ̀ sì ń bọ̀ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kọjá lára mi. Mo tẹ bíréèkì, ó burú sí i. Mo pariwo "Jésù!" Ó yípo, ó dojú kọ ibi tí mo ti wá. Mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó yé mi: tí ìdí rẹ̀ bá ti ń lọ, kí n mú ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí n má fẹsẹ̀ kan bíréèkì, kí n wo ibi tí mo fẹ́ lọ, kí n sì yí ọwọ́ ọkọ̀ síbẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ara rẹ̀ á balẹ̀. Ara tèmi náà balẹ̀. N kò rántí ìgbà tí nǹkan kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu kẹ́yìn.

Mo padà wálé, mo gbé Màmá. Jíà kejì ni mo fi gbéra, kí agbára má baà pọ̀ jù fún táyà. A gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láìdúró, láìké. Nígbà tí a dé òkè, mo wo Màmá nínú dígí. Kò sọ nǹkan kan. Mo fi ṣe ẹ̀bùn ọdún tuntun.

Ọjọ́bọ̀, 15 Oṣù Kìíní

Òtútù tó ń gé etí. Iná táyà tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, torí òtútù máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú táyà dín kù. Mo fẹ́ ẹ kún. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ti tán ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Brandywine níbi tí à ń gbé.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kìíní

Wọ́n pè láti Upper Marlboro pé àwọn ò ní ṣí lónìí nítorí ìjì yìnyín tó ń bọ̀. Ọjọ́ Ajé ni kí a wá. Mo sọ fún Màmá pé kó má mu omi jù, kó má jẹ èso olómi kankan. Ó ní òun kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n mi.

Àìkú, 25 Oṣù Kìíní

Yìnyín ló ń bọ́ látàárọ̀. Ní ọ̀sán ó yí padà di òjò tó ń dì bó ṣe ń kanlẹ̀. Mo bá èèpo ọsàn lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo ní, "Màmá, ẹ fẹ́ pa ara yín ni?" Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ohun tí ò ń retí nìyẹn?"

Mo jáde lọ kó yìnyín kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Ó dára láti sunkún níta, omijé ò rọrùn láti dá mọ̀.

Ajé, 26 Oṣù Kìíní

Mò ń kọ eléyìí ní yàrá tí a ti ń dúró de dókítà.

Nígbà tí mo wọ yàrá Màmá láàárọ̀, ó ti jókòó dìde lórí ibùsùn, ó ń fi èjìká mí. Mo fi ohun èlò mi gbọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Omi ti wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Mo pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé fóònù sòótọ́ fún mi: wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n igi ti wó dí ọ̀nà, òun ò lè sọ ìgbà tí wọ́n máa dé. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, àmọ́ tí mo bá lè jáde, màá pè wọ́n pé kí wọ́n má wá mọ́.

Mo kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì wa ẹnu páìpù èéfín, torí tí yìnyín bá dí i, èéfín á padà wọlé bá wa. Mo la ọ̀nà fún táyà. Mo gbé Màmá mọ́ra bí ọmọ, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wúwo, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ó ń sọ pé mò ń dun òun.

Jíà kejì. Ẹsẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A lọ. Táyà ń jẹ yìnyín, mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń rún. A dé ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí òjò àná ti di gíláàsì sábẹ́ yìnyín, ni ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Mo mú ẹsẹ̀ kúrò. A há.

Láti ẹ̀yìn ni mo gbọ́ tí Màmá ti pe Dèjì. Ó ti gbé ohùn fóònù síta.

"Dèjì ọmọ mi, mi ò lè mí. Wá gbé mi. Obìnrin yìí ti fẹ́ pa mí."

"Màmá, yìnyín pọ̀ níbí o. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jáde."

"Jíìpù ńkọ́?"

"Ẹ gbàdúrà, Màmá. Àwa náà á máa gbàdúrà."

Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo gba fóònù. "Jíìpù yẹn, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìyá rẹ ló ń rì lójú mi yìí! Dìde, kí o bọ́ sínú ọkọ̀, kí o wá gbé ìyá rẹ!"

Mo gbọ́ ìró irin. Mo rò pé ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Ó ní, "Ta lò ń pè ní 'ìwọ'?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mi ò pè é ní ìwọ rí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ tún ẹnu mi ṣe kí òun tó bá mi sọ̀rọ̀, ó sì pa fóònù.

Mo wo Màmá nínú dígí. Ó gbọ́. Ó yí ojú sí fèrèsé, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo fi ṣọ́bìrì fọ́ gíláàsì náà níwájú táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mo da gbogbo iyanrìn ológbò síbẹ̀, mo fi bàtà tì í wọ abẹ́ rọ́bà. Mo padà wọlé, mo pa bọ́tìnì tó máa ń dá ẹ́ńjìnnì lẹ́kun tí táyà bá ń yọ̀, torí pé lójú ibi tí ọkọ̀ há sí, ó kàn ń so ó lọ́wọ́ ni. Mo jẹ́ kó sọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Sẹ́yìn. Síwájú. Mo ń sọ fún un lábẹ́lẹ̀, "Jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́." Ó di nǹkan mú. Mo mọ̀ ọ́n ní ìdí mi kí ó tó gbéra. Mi ò tẹ iná sí i, bó ti wù mí tó. Mo jẹ́ kó máa rá lọ bí ìgbín títí a fi dé òkè.

Ó tún yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan lójú títì ńlá, ìdí rẹ̀ fẹ́ lọ sínú kòtò. Mo wo ibi tí mò ń lọ. Ó padà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gba Màmá lẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì. Wọ́n ní ká ní a pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Ó ń sùn.

Mo ti pe àwọn ọkọ̀ pàjáwìrì pé kí wọ́n má wá mọ́. Mi ò pe Dèjì.

Ọjọ́bọ̀, 29 Oṣù Kìíní

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá wá kí Màmá ní ọsibítù. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, ohùn ti padà. Mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ bó ṣe ń ròyìn fún wọn.

"Ọkọ̀ ọmọ mi ló gbé mi la inú yìnyín kọjá," ó ní. "Ẹ rí i, gbogbo ọkọ̀ ló há sílé lọ́jọ́ náà. Àmọ́ Dèjì kì í ra nǹkan tí kò lágbára. Bí ewúrẹ́ ló ṣe gun òkè."

Ìyáàfin Oyèwálé ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ bímọ."

Wọ́n kọrin ọpẹ́. Mo ká aṣọ tó dọ̀tí, mo gbé e jáde.

Ẹtì, 6 Oṣù Kejì

Màmá ti wálé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lónìí mo parí iṣẹ́, mo jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù, mi ò rí ọkọ̀. Mo rò pé mo gbàgbé ibi tí mo gbé e sí. Mo rìn yíká nínú omi yìnyín títí ìbọ̀sẹ̀ mi fi rin. Ẹ̀ṣọ́ bá mi wo kámẹ́rà. Dèjì ni. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́, ó ṣí i, ó jókòó, ó wà á lọ wẹ́rẹ́.

Mo pè é.

"Ọkọ̀ mi kọ́ ni?" ó ní. "Orúkọ mi ló wà lórí ìwé rẹ̀. Màmá sọ fún mi bó ṣe ń ṣe dáadáa nínú yìnyín báyìí. Jíìpù ń jẹ epo jù. Yétúndé á máa gbé eléyìí."

"Táyà yẹn, èmi ni mo rà á."

"Wá tú u."

"Ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Kí ni màá fi gbé ìyá rẹ?"

"Màá wá gbé e fúnra mi. Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

Anna ló gbé mi dé ilé. Nígbà tí mo wọlé, inú Màmá ń dùn, Dèjì ti pè é. Ó ní, "O rí i? Ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé mi lọ́la."

Mo lè sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ló fi gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Mo ti la ẹnu. Ó ń yan aṣọ tí yóò wọ̀, ó mú búlúù sókè síwájú mi, ó ní ṣé ó dára. Mo ní ó dára.

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Yìnyín ti ń yọ́. Títì mọ́, ọkọ̀ yòówù lè gba ibẹ̀.

Màmá wọ búlúù rẹ̀, ó fi kóòtù lé e, ó jókòó sí orí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Àkókò tó yẹ kí a lọ dé, ó kọjá. Mo ti pe takisí sílẹ̀, mi ò sọ fún un. Ó dé, ó fun fèrè. Màmá ní kí n lé e lọ, pé Dèjì wà lọ́nà. Mo jáde lọ bẹ awakọ̀ náà kó dúró.

Màmá pe Dèjì. Fóònù dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún un pè. Ní ìgbà kẹta, obìnrin ló gbé e. Ó ní, "Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Dèjì ṣì ń sùn. Ṣé kí n jí i?"

Mo ń wo ẹnu Màmá.

Ó ní, "Rárá. Jẹ́ kó sùn."

Ó gbé fóònù sí orí itan. Awakọ̀ tún fun fèrè. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láti wọ̀ ọ́ ní bàtà, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń wo orí mi láti òkè. Mo retí èébú.

Ó ní, "Rìnsọ́lá. Ìgbà wo ni ìwọ náà máa lọ?"

Mo so okùn bàtà ọ̀tún. Mo so tòsì. Mo fa síìpù kóòtù rẹ̀ dé ọrùn, mo di apá rẹ̀ mú, mo gbé e dìde. Ó dì mí mú ṣinṣin, ju bó ṣe yẹ lọ, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà takisí.